Adìyẹ Bọ̀dá Akọ́ládé Ń Sín

Hà! Ẹ tún un sọ, Bọ̀dá Akọ́ládé, bóyá etí mi ló di! Kí n ṣí ilé adìyẹ mi tó ṣófo, kí ẹ kó àwọn adìyẹ yín tó ṣẹ́ kù wá síbẹ̀, torí pé àwọn dókítà ẹran tún ń yẹ ojúlé dé ojúlé, ẹ sì mọ̀ pé wọn ò ní wo tèmi mọ́? Tèmi, Tàwàkálítù, tí gbogbo Amúwò ń pè ní Ìyá Alárùn nítorí ẹnu yín? Wàláhì, ojú ò tì yín!

Ẹ jókòó, ẹ má dìde. Ẹ ṣáà ti wá, ẹ ó gbọ́ ọ.

Ta ló kọ́kọ́ ké gbàjarè? Èmi ni. Mo bá àkùkọ mi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ogbe rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò, ọrùn rẹ̀ lọ́ sẹ́yìn, àwọn ìyàwó rẹ̀ ń sín bí ẹni tó fín áṣáà. Mi ò tà wọ́n, mi ò pa wọ́n jẹ, mo pe Hameedah, dókítà ẹran. Òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọ aṣọ funfun láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n fi òwú nu ọ̀fun adìyẹ, wọ́n ní àrùn yìí lè ran èèyàn, gbogbo wọn ni wọ́n máa kó lọ pa. Gbogbo wọn! Títí kan Àbẹ̀kẹ́ mi, tó máa ń tẹ̀ lé mi wọ kíṣìnì. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi gbé e fún wọn. Àràárọ̀ ni wọ́n sì ń pè mí lẹ́yìn náà, ṣé mi ò húkọ́, ṣé ara mi ò gbóná.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ gun àga, ẹ na ọrùn lórí fẹ́ǹsì, ẹ ń yà mí ní fídíò! “Ẹ wá wo obìnrin tó kó àrùn wọ àdúgbò.” Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo Festac ti rí i. Mo dé Apple Junction, wọ́n ń bo imú!

Hameedah wá kan géètì yín, ẹ yí orin ìyìn sókè dé góńgó, kó má baà gbọ́ bí adìyẹ yín ṣe ń sín! Halelúyà níwájú, àtíṣùù lẹ́yìn! Ó ní, “Sà, kò sí èyí tó ń ṣàìsàn?” Ẹ ní, “Àrùn kankan ò lè wọ ilé yìí!” Òkú adìyẹ sì kún àpò ìrẹsì lẹ́yìnkùlé yín! Ṣé ẹ rò pé mi ò nímú ni?

Nínú èyí tó ṣì ń mí, ẹ kó díẹ̀ lọ tà ní ọjà Agboju. Ta ló rà á? Ọmọ ta ló jẹ ẹ́? Ẹ dáhùn! Ẹ ò tiẹ̀ mọ̀.

Ẹ̀n? Kí n ṣe é jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, torí Bukky ń sùn lẹ́yìn fẹ́ǹsì? Ìyàwó yín ń sùn ní ọ̀sán gangan? Ara rẹ̀ gbóná? Ó ń húkọ́? Bukky tó ń gbá ilé adìyẹ yẹn lójoojúmọ́?

Bọ̀dá Akọ́ládé. Ẹ̀yin ọkùnrin yìí. Adìyẹ lẹ sì ń wá ibi tí ẹ ó fi pamọ́ sí!

Ó tán, mi ò fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Mo ti pe Hameedah látìgbà tí mo rí yín tẹ́ ẹ ń gbé agbọ̀n adìyẹ bọ̀. Ọkọ̀ tó ń fọn fèrè níta yẹn, tiwọn ni. Ẹ dìde! Bukky ni kí ẹ kọ́kọ́ mú jáde fún wọn, kí wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn, kì í ṣe adìyẹ. Ẹ yára, àbí kí n lọ gbé e pọ̀n fúnra mi!