Ọlọ́run Kò Jẹ́ Ká Yọ Orúkọ Táíwò Kúrò

Ẹ bá mi fi ògo fún Ẹni tó dá ojú! Ẹ tún fi ògo fún un! Ẹ ṣeun, ẹ jókòó. N kò ní kánjú, ara àgbà kì í kánjú.

Gbogbo yín lẹ mọ àwọn ìbejì ọmọ ọmọbìnrin mi, Táíwò àti Kẹ́hìndé, tí wọ́n ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Tchaada nígbà tí ìyá wọn ń ṣòwò ní Igolo. Lọ́dún tó kọjá, nǹkan funfun kan bẹ̀rẹ̀ sí í bo ojú Kẹ́hìndé. Ó ń kọlu àgbá omi. Ó ń nawọ́ sí ife, ọwọ́ rẹ̀ ń bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nọ́ọ̀sì wò ó, ó ní iṣẹ́ abẹ ni, kò sí oògùn tó ká a. Ojú Táíwò ní tirẹ̀ mọ́ kedere.

Ọlọ́run ṣe é, a gbọ́ pé àwọn dókítà ojú ń bọ̀ wá tọ́jú àwọn ọmọdé lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń gba orúkọ, ọjọ́ Ẹtì ni wọn yóò sì tì í. Ọjọ́ Ẹtì yẹn gan-an ni mo rí alùpùpù gùn dé Ifangni, mo lọ bá Rosine tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ fún aráàlú.

Rosine kọ orúkọ àwọn ọmọ sínú tábílì kan lójú kọ̀ǹpútà, orúkọ kan lórí ìlà kan. Níwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan, àwọn nǹkan róbótó kéékèèké wà níbẹ̀: ọ̀kan fún iṣẹ́ abẹ, ọ̀kan fún àyẹ̀wò. Èyí tí o bá tẹ̀, inú rẹ̀ á dúdú. Ó tẹ iṣẹ́ abẹ fún Kẹ́hìndé. Ó dúdú. Mo ní kó tẹ àyẹ̀wò fún Táíwò. Ó dúdú, ṣùgbọ́n ti Kẹ́hìndé ti funfun padà. Ó tún tẹ ti Kẹ́hìndé, ti Táíwò kúrò. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a yí. Bí a bá sì ní kó fi í ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ pupa á yọ pé ìlà kan ṣófo.

Rosine mí kanlẹ̀. “Ó dáa, Mémé, ìyá àgbà mi, ẹ jẹ́ ká yọ orúkọ Táíwò kúrò. Kò kúkú ṣàìsàn. Tó bá ku ìlà kan, á lọ wéré.”

Ẹ̀yin ará, mo rò ó. Ojú Kẹ́hìndé ni mo bá wá, ọjọ́ sì ti ń lọ. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti bí wọn, a kì í ra bàtà fún ọ̀kan ká má ra fún èkejì. Bí ọ̀kan bá mu àgbo, èkejì á tọ́ ọ wò.

Mo ní, “Ọmọ mi, èmi kì í yọ ọ̀kan nínú ìbejì. Pe àwọn tó ni tábílì yìí.”

Ọkùnrin kan tó ń dúró lẹ́yìn wa rẹ́rìn-ín. “Ìyá, kọ̀ǹpútà ò mọ ìbejì o.”

Mo ní kó dúró, á mọ̀ ọ́n lónìí.

Rosine ráhùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ó pe nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ ojú ìwé náà. Ẹni tó dá a lóhùn lọ yẹ tábílì náà wò fúnra rẹ̀. Nígbà tó padà sórí fóònù, ó bẹ̀ wá. Ó ní orúkọ kan ṣoṣo làwọn tó ṣe tábílì náà fún gbogbo róbótó inú rẹ̀, ni kọ̀ǹpútà fi rò pé ìbéèrè kan ni gbogbo rẹ̀, ìdáhùn kan ló sì ń gbà. Ó yẹ kí ìlà kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀. Ó yé mi dáadáa. Ìbejì lè jọra, a kì í sọ wọ́n ní orúkọ kan náà.

A jẹ ẹ̀pà títí wọ́n fi tún un ṣe. Rosine tẹ ti Kẹ́hìndé. Ó tẹ ti Táíwò. Méjèèjì dúdú, wọ́n dúró! Ó lọ! Halelúyà!

Ọjọ́ àwọn dókítà pé. Wọ́n gba Kẹ́hìndé wọlé fún iṣẹ́ abẹ. Dókítà wá gbé iná sójú Táíwò, ó pẹ́ níbẹ̀.

Ó ní, “Ìyá àgbà, ta ló ní kẹ́ ẹ mú èyí wá?”

Mo ní kò sẹ́nì kan, èkejì rẹ̀ ló bá wá.

Ó ní nǹkan funfun yẹn ti bẹ̀rẹ̀ nínú ojú Táíwò náà, ó kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i. Ó ní àwọn á máa ṣọ́ ọ, kó tó bo ojú, àwọn á ti ṣe é. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo ní Olúwa, o ṣeun. O ṣeun tí o kò jẹ́ kí n kánjú.

Nígbà tí wọ́n tú báńdéèjì, Kẹ́hìndé wo Táíwò títí. Ó ní, “Imú rẹ dọ̀tí.”

Táíwò ní, “Ó ti ń dọ̀tí tipẹ́, ìwọ ni kò rí i.”

Dókítà pàápàá rẹ́rìn-ín.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Rosine. Ìwọ tí nǹkan rẹ kọ̀ tí kò lọ, tí wọ́n ní kí o fi ẹnì kan sílẹ̀ kí ọ̀nà lè là, fara balẹ̀, kí o béèrè. Olúwa kò ní kí o yan èyí tí o máa sọnù. Àwọn méjèèjì ló jókòó lẹ́yìn yẹn. Ẹ juwọ́ sí wọn. Wọ́n á rí yín.