Ẹsẹ̀ Tí A Ò Jẹ́ Kó Kanlẹ̀

Ẹ̀yin ará, ọpẹ́ ni mo bá wá, ṣùgbọ́n ẹ má tíì pàtẹ́wọ́: eegun ojúgun mi tó ṣẹ́ kò tíì so pọ̀. Irin tí wọ́n fi dè é ṣì wà lábẹ́ ṣòkòtò yìí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run bẹ́ẹ̀ náà.

Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ mí, oníròyìn ni mí, Ìkòsì níbí ni mò ń gbé. Nígbà òjò ọdún tó kọjá, mo lọ wádìí ọ̀rọ̀ omíyalé ní Mile 12. Ọkọ̀ akẹ́rù kan tó kó tòmátì fẹ̀yìn rìn, ó gun ẹsẹ̀ mi. Alhaja aláta tí mò ń fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò ló fi GSM mi pe ìyàwó mi: "Madam, ọkọ yín ò kú. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá dé, ẹ má wo ẹsẹ̀ yẹn."

Lọ́jọ́ tí ọsibítù ní kí n máa lọlé, wọ́n ní kí n máa rọra fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀. A rò pé ọ̀rọ̀ aláìláàánú ni. Ìyàwó mi ní kò gbọdọ̀ kanlẹ̀. Ẹ̀yin arákùnrin ń fi àga gbé mi wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Mummy tó ń darí ẹgbẹ́ àdúrà wa sọ pé, "Ohun tí a bá gbé lé Olúwa lọ́wọ́, a kì í tún fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́." Gbogbo wa ṣe àmín.

Oṣù ń gorí oṣù. Gbogbo x-ray, àlàfo dúdú kan náà ni láàárín eegun tó ṣẹ́. Egbò ń ṣomi. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ gígé. Mo gbàdúrà títí ọ̀rọ̀ fi tán lẹ́nu mi. Mo ní kí ìyàwó mi kó àwọn bàtà ọ̀tún mi dànù.

Dókítà obìnrin kan, ọmọdé ni, ló pè wá sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kí NEPA tó mú iná lọ. Ó ti ya eegun mi sínú rẹ̀, ó pín in wẹ́wẹ́ bí ojú àwọ̀n. Ó ní òun ti kọ́ kọ̀ǹpútà náà bí eegun ṣe ń jinná: tó bá mì jù, kò ní í so, tí nǹkan kan ò bá tẹ̀ ẹ́ rárá, á sùn. Ó dá ẹsẹ̀ inú kọ̀ǹpútà dùbúlẹ̀ bíi tèmi. Oṣù ń kọjá níbẹ̀, àlàfo ò dí. Ó wá gbé ìwúwo díẹ̀ lé e, bí ẹni ń rọra rìn. Funfun, ìyẹn eegun tuntun, ń hù láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì títí wọ́n fi pàdé.

Ó yíjú sí mi. "Daddy, ta ló ní kí ẹ má tẹ̀ ẹ́?"

"Èmi ni," ìyàwó mi dáhùn.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń tẹ̀ ẹ́. Bí mo bá ń rìn nínú ọgbà wa, ìyàwó mi á kọjú sí ògiri, nítorí ó ń gbọ́ bí mo ṣe ń kérora. Dókítà ò ṣèlérí. Ó ní ohun tó lè ṣẹlẹ̀ ni kọ̀ǹpútà fi hàn, ó sì ṣeé ṣe kó ti pẹ́ jù.

Ẹ bá mi yọ̀ níwọ̀n tí ẹ bá lè yọ̀ mọ, nítorí Ọlọ́run kò fi wá sílẹ̀ nínú àìmọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni x-ray. Ọsibítù ní bí àwọn bá rí funfun, bó ti wù kó kéré tó, kí n máa bá ìrìn náà lọ. Bí wọn ò bá rí i, láti orúnkún ni wọ́n máa gé e.