Ọlọ́run Tó Bá Mi Gba Kẹ̀kẹ́ Mi

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run ná kí n tó bínú, nítorí inú ń bí mi láàárọ̀ yìí, mi ò sì ní purọ́ nínú ilé Rẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa tó jí mi, tó jí ìyàwó mi, tó jí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ jókòó síbí. Ẹ bá mi ṣọpẹ́ o! Ẹ ṣeun.

Ẹ má tíì pariwo. Mo rí àwọn tó ti gbé ọwọ́ sókè, tí wọ́n rò pé mo fẹ́ sọ pé ọrùn mi ti san. Kò san. Bó ṣe wà lọ́dún tó kọjá náà ló wà. Èjìká ọ̀tún yìí ṣì ń ro mí bí mo bá jí, ọrùn mi ò sì yí sí apá kankan. Ẹni tó bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, àfi kí n yí gbogbo ara kí n tó rí i. Ohun tí mo wá dúpẹ́ fún ni kẹ̀kẹ́ mi. Bẹ́ẹ̀ ni, kẹ̀kẹ́ ológeere tó wà lára ògiri níta yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó rẹ́rìn-ín. Ọlọ́run ló bá mi gbà á padà, mo sì fẹ́ kí àwọn tó gbà á lọ́wọ́ mi gbọ́ ọ, nítorí àwọn kan nínú wọn wà níbí.

Gbogbo yín lẹ mọ èmi Baba Rúùtù ní ahunṣọ. Ṣùgbọ́n kí n tó jókòó sídìí òfì, alárù ni mí. Láti ìgbà tí irùngbọ̀n mi ò tíì hù ni mo ti ń ru aṣọ láti Ìsẹ́yìn lọ sí Abẹ́òkúta, tí mo sì ń ru àpò iyọ̀ bọ̀. Ẹrù tó jẹ́ pé ọkùnrin méjì ló máa ń bá mi gbé e karí! Wọ́n ń yìn mí nígbà náà. Wọ́n ní akin ni mí. Bàbá, ìyá, ará ilé, kò sẹ́ni tó ní, "Ọmọ yìí, rọra, ọrùn lo fi ń ṣe yẹn." Nígbà tí mo di ẹni tí kò lè yíjú mọ́, wọ́n ní iṣẹ́ ni, pé gbogbo ọkùnrin ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo wá jókòó sídìí òfì, mo tẹrí mọ́ òwú láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ó tún le sí i. Síbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbàdúrà. Ṣé ẹ gbọ́? Ẹnikẹ́ni ò gbàdúrà!

Ọlọ́run wá fún mi ní kẹ̀kẹ́. Akọ̀wé kan tó ń ra òwú níbí ń padà sí Èkó, kò sì fẹ́ gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ. Mo hun aṣọ sányán fún òun àti ìyàwó rẹ̀, ó fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ fún mi. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ń gùn ún, ibi tí a ń dì mú níwájú rẹ̀ wálẹ̀ jù, mo ń tẹ̀ lórí rẹ̀ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ tó sọnù, èjìká mi ò sì gbà. Mo ní kí alágbẹ̀dẹ bá mi gbé e sókè, ó gbé e sókè. Láti ìgbà náà, mo ń jókòó nàró lórí rẹ̀ ni. Ẹrù mi, ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ni mo ń so ó mọ́, kò kan ọrùn. Bí mo bá gùn ún lọ díẹ̀, mo máa ń sọ̀ lábẹ́ igi òrí, màá ju èjìká síwá sẹ́yìn, màá mu omi, màá tún gbéra. Bí mo bá délé, Ìyá Rúùtù á yọ́ òrí sórí iná, á fi ra ọrùn náà fún mi. Báyìí ni mo ṣe ń ṣe é, kò sì sí idán níbẹ̀.

Ẹ̀yin ará, ẹ ò mọ bó ṣe dùn tó! Kí ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́, kí wọ́n ti sun koríko tán, kí ewé tuntun máa yọ, kí ẹ máa bọ̀ láti orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó dojú kọ òkè Adó-Àwáyè, kí ẹsẹ̀ yín má ṣe iṣẹ́ kankan, kí afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ̀wù yín, kí awó máa fò sókè níwájú yín! Ọrùn tí kò lè yí, kí ló kàn án níbẹ̀? Iwájú ni gbogbo ohun tó dára wà. Mo máa ń kọrin. Mo máa ń rẹ́rìn-ín lémi nìkan nínú igbó bí ẹni tí orí rẹ̀ ò pé.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dé. Gbogbo àwọn tí kò rí ọrùn mi nígbà tí mo ń ru iyọ̀, wọ́n wá rí i nígbà tí mo ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kẹ̀kẹ́ ló bà á jẹ́. Ọrùn tó ti ń dùn mí kí ẹnikẹ́ni tó fojú kan kẹ̀kẹ́ nílùú yìí! Wọ́n tún ní mo ń gbéraga. Wọ́n ní bí wọ́n bá kí mi lójú ọ̀nà, mi ò kì í wo ẹ̀gbẹ́. Báwo ni mo ṣe fẹ́ wo ẹ̀gbẹ́? Wọ́n ní mi ò kì í sọ̀ kalẹ̀ dọ̀bálẹ̀ fún àgbà, pé orí kẹ̀kẹ́ ni mo ti ń kí wọn. Òótọ́ ni! Nítorí pé sísọ̀ àti gígùn ló ń dá mi lóró, kì í ṣe wíwà lórí rẹ̀. Bí mo bá dọ̀bálẹ̀, apá yìí ni mo máa fi ti ara mi dìde, apá yìí náà ló sì ń dùn mí. Nígbà tí ẹrù wà lórí mi, kò sẹ́ni tó ní kí n dọ̀bálẹ̀ lójú ọ̀nà. Wọ́n rí i pé ẹrù ni. Kẹ̀kẹ́ ni kò jọ ẹrù lójú wọn. Mo ṣàlàyé títí ẹnu fẹ́rẹ̀ẹ́ bó.

Alàgbà Jósẹ́fù ló jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú yẹn. Alàgbà, ẹ má bínú, mo ní láti sọ ọ́. Lọ́jọ́ kan, wọ́n kí mi láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ohùn ni mo gbọ́, mi ò rí ènìyàn. Mo lu agogo kẹ̀kẹ́ kí ẹni tó kí mi lè mọ̀ pé mo gbọ́. Alàgbà lọ sọ káàkiri ìlú pé mo lu agogo fún àwọn bí ẹni ń lé ewúrẹ́ lójú ọ̀nà!

Wọ́n gbé ẹjọ́ mi lọ sílé Baálé wa. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni Baálé, Mùsùlùmí ni, òun ló sì dàgbà jù nínú agbo ilé wa. Láti ìgbà tí mo ti dáyé, òun àti Alàgbà ò tíì fohùn ṣọ̀kan lórí nǹkan kan rí. Orí kẹ̀kẹ́ mi ni wọ́n ti wá fohùn ṣọ̀kan! Baálé ní kí n gbé e wọ iyàrá òun, kí n má sì fọwọ́ kàn án mọ́.

"Ọrùn rẹ ni mò ń ṣọ́," Baálé wí.

Mo ní, "Baba, ẹ bi èmi tí mo ni ọrùn náà léèrè."

Ó ní, "Ṣé èmi lò ń dá lóhùn báyẹn?" Ọ̀rọ̀ parí.

Kò tán síbẹ̀. Alàgbà pe ìpàdé àdúrà nínú ilé yìí gan-an, pé kí Ọlọ́run mú ìfẹ́ kẹ̀kẹ́ kúrò lọ́kàn mi. Mo wà níbẹ̀! Mo kúnlẹ̀ láàárín yín, ẹ gbé ọwọ́ lé mi lórí, ẹ sì ń tẹ orí náà mọ́lẹ̀. Orí ọrùn yìí náà lẹ ń tẹ̀ ẹ́ lé! Bí mo bá ké "yéè," ẹ̀yin ń ké Àmín. Èmi ò ṣe Àmín o. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ lónìí pé mi ò ṣe é.

Ọjọ́ ọjà Adó-Àwáyè wá pé. Mo ti ṣèlérí aṣọ fún oníbàárà kan, kò sì sí kẹ̀kẹ́. Mo di aṣọ, mo gbé e rù bíi ti àtijọ́. Mo lọ, mo bọ̀. Nígbà tí mo délé, apá mi ò dé ẹnu mọ́. Ìyá Rúùtù ló ń fún mi lóúnjẹ bí ọmọ ọwọ́. Ó ń sunkún, ó sì ń ṣépè. Mi ò ní sọ ẹni tó ń ṣẹ́ ẹ fún.

Ó ní, "Baba Rúùtù, ṣé ọrùn yín ni àwọn wọ̀nyí fẹ́ràn? Wọ́n gba ohun tó ń fún yín nísinmi, wọ́n dá yín padà sábẹ́ ẹrù!"

Mo gbàdúrà. Mi ò fi ohùn jẹ́jẹ́ gbà á, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Mo ní, "Olúwa, O gbọ́ tiwọn, gbọ́ tèmi náà. Bí O bá máa mú ọrùn yìí san, mú un san. Bí O ò bá sì ní mú un san, dá kẹ̀kẹ́ mi padà, nítorí mi ò lè pàdánù méjèèjì." Mo sunkún bí mo ṣe ń sọ ọ́, tìbínú-tìbínú. Nígbà tí apá náà dẹ̀ díẹ̀, tí mo ń kúnlẹ̀ gbàdúrà òwúrọ̀, Ọlọ́run fi èrò kan sí mi lọ́kàn. Mo dìde, mo lọ bá Baálé.

Mo ní, "Baba, ẹ yá mi ní kẹ̀kẹ́ láàárọ̀ òní nìkan. Mo fẹ́ lọ kí gbogbo àgbà àdúgbò bó ṣe yẹ. Ẹ bá mi ká lọ, kí ẹ fojú yín rí i."

Inú rẹ̀ dùn. Ó ní, "Ọmọ gidi! Orí rẹ ti wálé." Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó tẹ̀lé mi.

Àsìkò tí àwọn àgbà máa ń jókòó síwájú ilé láti yá oòrùn ni. Mo gun kẹ̀kẹ́ dé iwájú ilé tó kángun sí tiwa. Mo sọ̀. Mo fi kẹ̀kẹ́ ti ògiri. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà mi kanlẹ̀, iwájú orí mi kanlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀ o, Baba." Ó ní, "Ṣé dáadáa lo jí? Dìde, ọmọ mi." Mo tiraka dìde, mo gun kẹ̀kẹ́, mo dé ilé tó tẹ̀lé e, mo tún sọ̀. Mi ò fo ẹnikẹ́ni. Ẹ kúkú mọ̀ pé àgbà ò wọ́n ní àdúgbò wa. Eruku bo ojú mi, ó wọ ẹnu mi. Ìyá arúgbó kan tó ń ranwú rí mi nílẹ̀ bí mo ṣe ń tiraka láti dìde, ó ju òwú sílẹ̀.

"Kí lọmọ yìí ṣe fún yín?" ó bi Baálé. "Ta ló ní kó máa wọ́lẹ̀ kiri báyìí?"

Ọ̀pá Baálé ni mò ń gbọ́ lẹ́yìn mi, mi ò sì lè yíjú wo ojú rẹ̀.

A dé iwájú ilé Alàgbà Jósẹ́fù. Wọ́n ń run orín lọ́wọ́. Mo sọ̀, mo dọ̀bálẹ̀, èjìká mi sì dún. Àwọn tó wà níbẹ̀ gbọ́ ọ. Mo fẹ́ dìde, apá kọ̀. Mo tún gbìyànjú, apá kọ̀. Mo wà nílẹ̀, imú mi wà nínú eruku, mo ní, "Alàgbà, ẹ má bínú, mo ṣì ń kí yín lọ́wọ́ ni."

Alàgbà ju orín nù, wọ́n sáré wá. Wọ́n fẹ́ fà mí lápá, mo ké. Ni òun àti Baálé bá gbá mi mú níbàdí, Onígbàgbọ́ lápá kan, Mùsùlùmí lápá kejì, wọ́n sì gbé mi nàró. Omi ti lé sójú Alàgbà.

Wọ́n ní, "Baba Rúùtù, ṣé báyìí ló ṣe ń rí látijọ́ yìí?"

Mo ní, "Báyìí ló ṣe ń rí, Alàgbà. Mo sọ fún yín. Mo sọ ọ́ ṣáá!"

Baálé ò wo ojú mi. Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè, ó sì fi ohùn tí gbogbo àdúgbò gbọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ gbọ́ o! Láti òní lọ, ọmọ yìí ò gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀ kí ẹnikẹ́ni mọ́. Orí kẹ̀kẹ́ ni kó ti máa kí yín. Ẹni tí ìyẹn ò bá tẹ́ lọ́rùn, kó wá sílé mi. Èmi fúnra mi ni màá dọ̀bálẹ̀ fún un dípò rẹ̀."

Ta ló tó bẹ́ẹ̀, kí Baálé pẹ̀lú ewú orí rẹ̀ wá dọ̀bálẹ̀ fún òun? Títí di òní, ẹnikẹ́ni ò tíì lọ. Ẹ bá mi yin Ọlọ́run!

Ní báyìí, bí wọ́n bá ti gbúròó agogo mi, àwọn àgbà á ti máa ké láti iwájú ilé wọn, "Má sọ̀ o! Jókòó síbẹ̀! A ti gbà!" Alàgbà náà, bí wọ́n bá fẹ́ kí mi, àárín ọ̀nà ni wọ́n máa ń wá dúró sí, níwájú mi gan-an, kí n lè rí wọn. Mo dúpẹ́, Alàgbà. Àmọ́ inú ṣì ń bí mi. Kí ló dé tó fi jẹ́ pé àfìgbà tí mo jẹ eruku kí àwọn ará mi tó gbà pé mo mọ ibi tó ń dùn mí? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é fún ẹlòmíràn. Bí ara ẹnì kan ò bá dá, tí ẹ wá rí ibì kan ṣoṣo tí inú rẹ̀ ti ń dùn, ẹ fi ibẹ̀ sílẹ̀ fún un. Kí ẹ tó kó ọwọ́ lé e lórí, ẹ bi í léèrè ohun tó fẹ́ gbà lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ògo ni fún Olúwa, tó gbọ́ àdúrà méjì nínú ṣọ́ọ̀ṣì kan náà, tó sì mọ èyí tó yẹ kí Òun dáhùn. Lánàá, mo lọ sí Adó-Àwáyè, mo bọ̀. Èjìká ro mí, Ìyá Rúùtù fi òrí ra á, mo sì sùn pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu. Alàgbà, ẹ dìde, ẹ bá mi yọ̀. Gbogbo ìjọ, ẹ dìde. Bí a bá ń yin Ọlọ́run, òkè la máa ń gbójú sí, ọrùn tèmi ò sì gbé mi débẹ̀. Ẹ bá mi wo òkè, ẹ sọ fún Un pé Baba Rúùtù ní kí ẹ bá òun dúpẹ́.