Ọ̀gá Abẹ́ Ilẹ̀

Lórí ìlà bọ́ọ̀sì ní Agric ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, láàárín bàbá kan tó ń gbẹ́ kànga, tó gbé okùn kọ́ èjìká, àti ọkùnrin kan tó so káàdì iṣẹ́ mọ́ ọrùn bí ẹni gba oyè.

"Bàbá, èmi ni olórí ẹ̀ka tó ń ṣèwádìí ilẹ̀ àti agbára tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Gáàsì ni o, ooru inú àpáta ni o, ọwọ́ mi ni gbogbo ẹ̀ wà."

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá abẹ́ ilẹ̀. Ṣé ẹ ti wọ inú ilẹ̀ ọ̀hún rí?"

"Rárá o. Kọ̀ǹpútà la fi ń wò ó ní ọ́fíìsì."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ẹrẹ̀ ò sì lè ta sí aṣọ yín."

Ọkùnrin náà wò yíká, ó rẹ ohùn sílẹ̀, àmọ́ ẹ̀yìn wọn gan-an ni mo wà.

"Bàbá, ilé tí mo kọ́ sí Ẹ̀pẹ́ ò ní omi. Èmi fúnra mi ni mo fi ẹ̀rọ wo ibi tí wọ́n máa gbẹ́. Wọ́n gbẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀kán omi kan ò jáde."

"Ní Ẹ̀pẹ́, tí ọ̀sà wà níbẹ̀ gbalasa?"

"Omi mẹ́ruwà là ń rà. Ìyàwó mi ti ń fi mí ṣẹ̀sín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá wò ó. Àmọ́ ẹ jẹ́ kó wà lábẹ́lẹ̀ o, àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ò gbọdọ̀ gbọ́."

Bàbá náà rẹ́rìn-ín títí okùn fi bọ́ lèjìká rẹ̀. Kò fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀ mọ́.

"Lábẹ́lẹ̀ kẹ̀? Ṣebí ìwọ lọ̀gá ibẹ̀!"