Ẹnu Mi Ni Ó Sọ Wúlẹ̀mọ̀tù Di Ìyá Oníkòkòrò

Ẹ̀yin ọmọ Òpópó Alágbọ̀n, ẹ ní kí àwa àgbà tó ṣẹ́ kù kọ ohun tí a rántí nípa àdúgbò wa ní Màkún, ní Ṣàgámù, kí ẹ lè kó o jọ fi ṣe ìwé. Ẹ ní kó dùn. Ẹ ní kí a má gbàgbé ìfẹ́ tó wà láàárín àwọn òbí wa. Láti oṣù kan ni mo ti ń ka ohun tí ẹ ń kọ sínú gúrúùpù Wásáàpù yín: pé ọmọ ẹnì kan ni ọmọ gbogbo wọn, pé ẹnikẹ́ni kì í ti ilẹ̀kùn, pé inú ìkòkò kan ni gbogbo ilé ti ń jẹun. Irọ́ ni. Mo gbé ibẹ̀ fún ogún ọdún kí n tó bá ọkọ mi wá sí Mínà, n ò fojú kan ìkòkò náà rí. Ohun tí mo fojú kàn ni mo fẹ́ kọ, àti ohun tí mo fọwọ́ ara mi ṣe. Ó ti di ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta tí mo ti gbé e mì. Ní oṣù tó kọjá, dókítà sọ fún mi pé ọkàn mi ti wú, pé ó ti tóbi ju bó ṣe yẹ lọ. Díẹ̀ ló kù kí n rẹ́rìn-ín lójú rẹ̀. Ọkàn tí èmi fúnra mi mọ̀ pé kò tó hóró obì kan! Ó dáa, kó tó dákẹ́, kí ẹ gbọ́.

Ẹ má rò pé ìwà rere ló sún mi dé ibí. Akóredé ni, ọmọ Bàbá Yésúfù, ẹni tí wọn kò tíì bí nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Òun ló kọ ọ́ sínú gúrúùpù pé: “Ta ló rántí ìtàn Ìyá Oníkòkòrò tí bàbá mi máa ń sọ? Obìnrin tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó kòkòrò bá obì gbogbo àdúgbò! Èyí gbọ́dọ̀ wọ inú ìwé o.” Kíá, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Raqeebah dá a lóhùn: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìyá màmá mi nìyẹn. Wúlẹ̀mọ̀tù lorúkọ wọn. Màmá mi ṣì wà láàyè ní Ìpara. Ẹ má fi orúkọ yẹn sínú ìwé, ẹ dákun.” Ẹ rántí ohun tí Akóredé fi fèsì. Ó ní, “Fọkàn balẹ̀, àbúrò, ìtàn lásán ni. Àbí ìwọ náà ń pa obì mọ́ ni?” Mo ka àwọn tó fi àwòrán ẹ̀rín síbẹ̀. Ènìyàn mọ́kànlélógójì. Dókítà wà nínú wọn, pásítọ̀ wà nínú wọn, àlùfáà wà nínú wọn. Mo wò yín, mo sì mọ̀ pé ẹ kò yàtọ̀ sí àwọn òbí yín. Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù kí ìwé náà lọ sí ilé ìtẹ̀wé. Bí ó bá jáde bẹ́ẹ̀, orúkọ tí mo fún ìyá náà ni àwọn ọmọ ọmọ yín yóò máa kà.

Bóyá ẹ kò mọ̀ bí iṣẹ́ náà ṣe rí, ẹ̀yin tí inú ike lẹ ti ń ra obì. Ní àsìkò obì gbànja, àwọn bàbá á rà á láti oko, àwọn ìyá á bó o, wọn á fọ̀ ọ́, wọn á ṣà á, wọn á kó o sínú agbọ̀n tí wọ́n fi ewé gbòdògì tẹ́ nínú, títí ọkọ̀ yóò fi gbé e lọ sí òkè Ọya. Ẹnì kan ṣoṣo ló máa ń tọ́jú agbọ̀n gbogbo ilé sínú yàrá kan tó tutù. Wọn kì í wo ẹni tó mọ iṣẹ́ jù. Ẹni tí wọ́n bá ní ọwọ́ rẹ̀ tutù ni wọ́n ń fún, nítorí wọ́n gbà pé obì mọ ọwọ́, pé ọwọ́ gbígbóná ló ń pe kòkòrò. Wúlẹ̀mọ̀tù, tí à ń pè ní Ìyá Sìfáwù, ni ọwọ́ rẹ̀ tutù nígbà náà. Opó ni, láti Ìpara ló ti wá, yàrá méjì ló sì gbà lẹ́yìn ilé wa. Ohun tó ń ṣe kì í ṣe idán. Kí àkùkọ tó kọ ló ti ń tú agbọ̀n, ó ń pààrọ̀ ewé tó ti gbẹ, ó ń gbé obì kọ̀ọ̀kan sí ìmọ́lẹ̀. Èyí tó bá ní ihò bí ojú abẹ́rẹ́, á sọ ọ́ sínú ìkòkò fífọ́ kan lẹ́yìnkùlé. Iṣẹ́ gidi ni. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pè é ní iṣẹ́, wọn yóò ní láti bọ̀wọ̀ fún un. Wọ́n kúkú pè é ní ọwọ́ tútù.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni èmi àti Sìfáwù ọmọ rẹ̀. Ilé wọn ni mo ń gbé jù. Ìkọ́kọrẹ́ ìyá náà ni mo fi dàgbà, torí ìyá mi kò ráyè lọ́wọ́ ìpàdé àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ara wọn ní ìfẹ́ ọmọnìkejì. Ìyá Sìfáwù bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwa méjèèjì ní obì ṣíṣà. Mo jẹ́ ọmọ tó ń kánjú. Mo máa ń fi èékánná ha obì lára, obì tí a bá sì ti ha lára, lẹ́yìn ọjọ́ méjì, dúdú ni. Ó kìlọ̀ fún mi lẹ́ẹ̀mẹta. Ní ìgbà kẹrin, níwájú àwọn ọmọbìnrin bíi mẹ́fà, ó gba obì lọ́wọ́ mi, ó ní: “Morónkẹ́, ọwọ́ tìẹ gbóná. Máa bá wa jáwé, máa bá wa pọnmi. Fi obì sílẹ̀ fún Sìfáwù.” Àwọn ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ni gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ tí obìnrin náà ṣẹ̀ mí láyé. Ẹ wò ó dáadáa kí ẹ rí bó ṣe kéré tó.

Mo sunkún lọ bá ìyá mi. Dípò kó wo èékánná mi, ẹ gbọ́ ohun tó sọ: “Ta ni Wúlẹ̀mọ̀tù? Ará oko tó gbé ẹní wọ̀lú lánàá! Òun ló ń sọ pé ọwọ́ ọmọ mi gbóná? Ṣé ọwọ́ tèmi ni kò ní tutù bí wọ́n bá gbé agbọ̀n fún mi?” Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tún un sọ. Ọmọ tí ó bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ìgbà méjì, ó ti gba àṣẹ.

Ní ọjọ́ tí wọ́n ń palẹ̀ agbọ̀n mọ́ fún ọkọ̀, Ìyá Sìfáwù àti ọmọ rẹ̀ ti ṣa obì láti òwúrọ̀, èmi sì ń bá wọn jáwé. Agbọ̀n méjìlá ni. Ó ku kí wọ́n fi ewé bo ojú wọn, kí wọ́n sì fi okùn rán wọn pa. Àwọn méjèèjì bọ́ síta lọ kírun ìrọ̀lẹ́. Mo lọ síbi ìkòkò fífọ́ náà, mo fi ìró mi kó obì oníkòkòrò, mo wọlé, mo sì fi ọwọ́ tẹ̀ wọ́n sísàlẹ̀ agbọ̀n lọ́kọ̀ọ̀kan, méje méje, mẹ́jọ mẹ́jọ. Mo fara balẹ̀ lọ́jọ́ náà. N kò ha ẹyọ kan lára. Bí mo ti ń jáde ni mo pàdé ìyá mi lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn. Ó wo ìró mi, ó wo eruku obì tí kòkòrò jẹ tó wà lára rẹ̀. Ó ní, “Kí lo kó síbẹ̀?” Mo sọ fún un. Ó ní: “Lọ fọ ọwọ́ rẹ. Bàbá rẹ kò gbọdọ̀ gbọ́.” Ó ṣì lè yọ wọ́n nígbà náà. Wọn kò tíì rán agbọ̀n kankan.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, ọkọ̀ padà dé pẹ̀lú agbọ̀n mẹ́sàn-án tí àwọn oníbàárà kọ̀. Nígbà tí wọ́n já okùn ti àkọ́kọ́, ńṣe ni kòkòrò ń rìn bí ìrẹsì tó ń hó. Bàbá Yésúfù, tó ni agbọ̀n jù lọ, kó gbogbo òpópó jọ síwájú ilé rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ó fẹ́ràn ìjókòó ẹjọ́ ju oúnjẹ lọ. Ìyá Sìfáwù dúró láàárín wọn. Kò sunkún. Ó ní: “Ẹ̀yin bàbá, mo ṣa obì náà níkọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan wà tó rí mi, kì í sì í ṣe ọmọ mi. Morónkẹ́, ìwọ lo bá wa jáwé lọ́jọ́ náà. Sọ fún wọn.” Ẹ̀rù kò bà á rárá nígbà tó pe orúkọ mi. Mo ń rí ojú náà títí di òní, bó ṣe balẹ̀. Mo lanu, mo ní: “Ìyá Sìfáwù sùn lọ. Sìfáwù nìkan ló ń ṣà á, kò sì mọ̀ ọ́n ṣà.” Sìfáwù kígbe, “Morónkẹ́!” Ìyá rẹ̀ kàn ń wò mí bí ẹni tó ń wo obì sí ìmọ́lẹ̀.

Bàbá Yésúfù ní kí a dán ọwọ́ rẹ̀ wò. Wọ́n la gbànja funfun kan sí méjì, wọ́n fi sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, wọ́n ní kó pa á dé, kó dúró sínú oòrùn títí wọn yóò fi pe ìrun Àílà ní ọ̀sán. Bí obì bá ṣì funfun, ọwọ́ rẹ̀ ṣì tutù. Ẹ gbọ́ o. Gbogbo àwọn tó dúró síbẹ̀ ló ti ń jẹ obì láti kékeré. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé obì tí a bá là, tí a sì gbé sílẹ̀, pípọ́n ló ń pọ́n, ìbáà jẹ́ ọwọ́ málékà ló wà. Wọ́n mọ̀! Wọ́n jókòó sábẹ́ òjìji, wọ́n ń la obì tiwọn jẹ, wọ́n ń wo obìnrin tó ń làágùn. Nígbà tó ṣí ọwọ́, obì náà ti dà bí irin tó dípẹtà. Bàbá Yésúfù na ọwọ́ sí i, ó ní, “Ẹ̀yin náà ẹ rí i.” Ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Ẹnì kan ì bá ti sọ ọ̀rọ̀ òdodo nínú ìdákẹ́jẹ́ náà. Èmi ni mo sọ̀rọ̀. Mo pariwo pé, “Ìyá Oníkòkòrò!” Àwọn ọmọdé gbà á lẹ́nu mi, àwọn àgbà rẹ́rìn-ín, ó sì parí. Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, ìyá àti ọmọ ru ẹrù wọn padà sí Ìpara, àwọn ọmọ tẹ̀ lé wọn dé ibùdókọ̀, wọ́n ń fi orúkọ náà kọrin. Ìyá mi ni wọ́n gbé agbọ̀n fún. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Àdúgbò tí ẹ fẹ́ kọ̀wé lé lórí nìyẹn.

Lánàá, mo gba nọ́ńbà Sìfáwù lọ́wọ́ Raqeebah. Mo pè é, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu. Mo ní màá kọ ọ́ sínú gúrúùpù, màá bẹ̀ ẹ́ níbẹ̀, kí gbogbo ayé kà á. Ó ní: “Kọ ọ́. Ṣùgbọ́n wọn kò ka ẹ̀sùn ìyá mi nínú ìwé, etí ni wọ́n fi gbọ́ ọ. Wá sí Òpópó Alágbọ̀n, kí o dúró níwájú ilé Bàbá Yésúfù, kí o sọ ọ́ ní ọ̀sán gangan. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí o bi mí bóyá mo dárí jì ọ́.” Mo ní dókítà ní kí n má rìnrìn àjò. Ó ní, “Ìyá mi náà ṣàìsàn kó tó kú, Morónkẹ́. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè.”

Nítorí náà, mo ń bọ̀. Ní Sátidé tó ń bọ̀, kí ìwé yín tó lọ sí ilé ìtẹ̀wé, èmi yóò dúró síbẹ̀. Akóredé, ìwọ ni mo bẹ̀ kí o ṣí iwájú ilé bàbá rẹ sílẹ̀. Ẹ̀yin mọ́kànlélógójì tí ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ wá, kí ẹ sì mú àwọn ọmọ yín wá. Ẹ sọ fún wọn pé ìyá arúgbó kan fẹ́ kọ́ wọn ní ohun kan ṣoṣo tó mọ̀: bí ẹnì kan bá pè ọ́ pé kí o sọ ohun tí o rí, tí gbogbo àdúgbò sì ń retí irọ́ lẹ́nu rẹ, sọ òtítọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, torí ẹni tó ni òtítọ́ náà lè ti kú kí o tó rí i sọ. Ìyá Sìfáwù ti kú. Ọmọ rẹ̀ nìkan ló kù tí mo lè bẹ̀. N kò mọ ohun tí yóò sọ. Mo bi í lánàá bóyá yóò lè wá, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún. Ó ní, “Màá wá. Màá gbé àga mi dání, kí n lè jókòó gbọ́ ọ tán.”