Aṣọ Tí Kò Mu Aró Tán

Òní ni Ojúọlá máa tú u sílẹ̀. Ó ti gbé e sínú tó, kò sì ní í gbé e wọ sàréè. Ó pe àwọn aláró Ìtòkú jọ sẹ́yìnkùlé rẹ̀, ó wé gèlè, ó wọ àdìrẹ tó fọwọ́ ara rẹ̀ rẹ. Ẹ má rò pé ojú ń tì í o! Ojúọlá kẹ̀? Ìjẹ́wọ́ pàápàá, ó fẹ́ kí tòun dùn ún gbọ́ ju tẹni kẹ́ni lọ.

“Ta lọwọ́ ẹ̀ mọ aró tó tèmi l'Ábẹ́òkúta yìí?” Wọ́n ní kò sí. “Ó dáa. Ọwọ́ yìí kan náà ló ba ayé ọmọ ọlọ́mọ jẹ́.”

Àsíátù lọmọ ọ̀hún, ó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, aṣọ Àlàájà Bùsírátù ni wọ́n ń rẹ. À á rì í bọ inú aró, à á yọ ọ́ kó gba atẹ́gùn, à á tún rì í padà, títí yóò fi dú dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ti ń ro Ojúọlá. Ló bá sọ gẹ̀ẹ́sì kan tó fẹ́ràn ju ẹran lọ: “Let's call it a day!”

“Màmá, kò tíì mu tó,” Àsíátù wí.

“Ṣé ìwọ lo kọ́ mi níṣẹ́ ni?”

Kò pẹ́ ni Àlàájà padà dé, ó da aṣọ sílẹ̀ lójú ọjà. Gbogbo aró rẹ̀ ti ṣí. Ojúọlá wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rí i pé orúkọ òun fẹ́ bàjẹ́. “Àsíátù ló bu omi sínú aró mi!” Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó ń sunkún: “Màmá, ẹ̀yin náà mọ̀ pé mi ò ṣe é.”

“Mo mọ̀,” Ojúọlá wí lónìí. “Mo mọ̀, mo sì gbọ́wọ́ lé Kùránì, mo búra. Ìyẹn ló burú jù. Àgbà radaràda ni mí!” Látìgbà náà, kò sẹ́ni tó gba Àsíátù síṣẹ́ n'Ítòkú. Papalanto ló lọ, ó ń ta búrẹ́dì fáwọn onítírélà sìmẹ́ǹtì.

Ta ló wá ṣí Ojúọlá lójú? Tíṣà Kọ́ládé, aládùúgbò rẹ̀, ni. Ó gbọ́ gẹ̀ẹ́sì yẹn lẹ́nu rẹ̀ láìpẹ́ yìí, ló bá ní: “Màmá, ẹ mọ ibi tó ti wá? Ká ṣíwọ́ ló túmọ̀ sí lónìí. Láyé àtijọ́, àwọn òṣìṣẹ́ Òyìnbó tó fẹ́ tètè relé ló ń ní ká pe èyí tá a ṣe ní àbọ̀ ọjọ́. Nígbà tó yá, wọ́n yọ àbọ̀ kúrò, ó di odindi.” Ṣé àwọn Òyìnbó yẹn mọ Ojúọlá rí ni? Òun náà ṣe àbọ̀ iṣẹ́, ó pè é ní odindi, ó sì fi ọmọ ọlọ́mọ dí ibi tó kù.

Lójú gbogbo aláró lónìí, Ojúọlá tú gèlè, ó kúnlẹ̀ níwájú Àsíátù, ẹni tí òun fúnra rẹ̀ ti ránṣẹ́ pè wá láti Papalanto. Háà! Ojúọlá lórí ìkúnlẹ̀! “Àsíátù, mo purọ́ mọ́ ẹ. Jọ̀ọ́, forí jì mí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má dán irú ẹ̀ wò láéláé.”

Omijé ń bọ́ lójú Àsíátù. Ó dìde, ó lọ síbi aṣọ kan tí wọ́n sá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò aró, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó fi ọwọ́ tí kò rí aró látọjọ́ náà gbé e.

“Màmá, mo ti forí jì yín. Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká rì í padà. Kò tíì mu tó.”

Ojúọlá dìde, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó kọjú sí gbogbo aláró.

“Ẹ gbọ́ ohun tó wí? Èmi ni mo kọ́ ọ o!”