Ẹni Tí Mo Wá Lọ Sínú Iná

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Arákùnrin Délé tó jókòó níwájú yẹn, ìwọ náà gbọ́, nítorí pé ọ̀rọ̀ yìí kàn ọ́.

Gbogbo yín mọ̀ pé èmi àti Délé la jọ du ìjókòó ìlú wa nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀. Iye ìjókòó kan náà ni ẹgbẹ́ òṣèlú méjèèjì ti mú, ìjókòó tiwa nìkan ló kù tí yóò sọ ẹgbẹ́ tí ilé yóò bọ́ sí lọ́wọ́. Délé wọlé. Ẹgbẹ́ wọn gba ilé, àwọn ni wọ́n sì yan olórí ilé. Lọ́jọ́ ìdúpẹ́ rẹ̀, ẹ̀yin kan náà tí ẹ ti ń pè mí ní Ọnọ́rébù lẹ gbé e lé èjìká. Ara mi gbóná. Ìlara ni, mi ò ní fi bò. Mo pẹjọ́, mo búra pé ìṣojú mi ni àwọn èèyàn rẹ̀ ti ń tẹ̀ka sórí òkìtì ìwé ìbò. Irọ́ funfun báláú ni. Mi ò rí nǹkan kan.

Ọ̀la ló yẹ kí n lọ jẹ́rìí. Lánàá, mo gbààwẹ̀, mo sì dọ̀bálẹ̀ sórí ẹní nínú ṣọ́ọ̀ṣì yìí lọ́sàn-án, mo ní, "Olúwa, fi ìpín Délé lọ́run hàn mí." Bí oorun ṣe gbé mi lọ nìyẹn.

Ọkùnrin aláṣọ funfun kan di ọwọ́ mi mú. Ibi ìsinmi la kọ́kọ́ dé. Mo rí Ìyá Àdúnní olóògbé, tó máa ń gbá ṣọ́ọ̀ṣì wa, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó ń rẹ́rìn-ín. Mi ò tilẹ̀ kí i. Mo bi amọ̀nà mi pé, "Ṣé Délé náà ní àyè níbí?"

Ó wò mí. "O ò béèrè tìrẹ?"

Ló bá mú mi sọ̀kalẹ̀. Háà, ẹ̀yin ará! Iná ń jó, iná ń bú ramúramù, àwọn onírọ́ ń gé ahọ́n ara wọn jẹ, àwọn alágbèrè lẹ̀ mọ́ra wọn, wọn ò lè tú, àwọn tó fi tọ́ọ̀gì lé ará ìlú kúrò níbi ìdìbò ń sáré, wọn ò ríbi sá sí, èmi náà ń sáré láàárín wọn, mò ń yí ojú wọn sọ́dọ̀ mi lọ́kọ̀ọ̀kan, mò ń wá Délé! Mi ò mọ̀ pé etí aṣọ mi ti gbaná.

Ẹnì kan ṣàdédé di orí mi mú, ó wo ojú mi dáadáa. Ó ní, "Kì í ṣe òun." Ó jù mí sílẹ̀, ó kọjá lọ bá ẹlòmíràn.

Amọ̀nà mi ní, "Olúkúlùkù wọn ló ní ẹni tó ń wá níbí. Wọn ò tíì rí i."

"Délé ńkọ́?" Mo ṣì ń béèrè!

"Kò sí níbí. Ìwọ ló wà níbí."

Mo kígbe, mo jí. Òógùn ti mú kí ẹní náà rin gbingbin.

Arákùnrin Délé, bó bá di ọ̀la, màá sọ fún adájọ́ pé irọ́ ni mo pa, màá sì gbé ẹjọ́ náà kúrò ní kóòtù. Má rò pé inú mi dùn sí i. Bí mo ṣe dúró yìí, àga iwájú tí o jókòó sí ṣì ń ta mí lójú. Àmọ́ ẹ̀yin ará mi, ẹni yòówù tí ẹ bá ń bẹ Ọlọ́run pé kí iná jó, ẹ ṣọ́ra. Ẹ lè débẹ̀ kí ẹ má bá a.